Dáyóòdù kan ṣoṣo tó ń yọ ohùn jáde nínú rédíò AM: níbo ni wàhálà ti ń wá?

Oníkọ́ìlì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà orí pèpéle yìí. Sákíìtì tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò nìyí: kọ́ìlì orí ọ̀pá ferrite, gáǹgì oníke (kapásítọ̀ tí a ń yí láti yan ilé iṣẹ́) tó máa ń wà nínú rédíò kékeré, dáyóòdù 1N4148, kapásítọ̀ tí wọ́n kọ 104 sí lára (0.1 µF), lẹ́yìn náà íapíìsì fóònù. Kò sí bátìrì, kò sí éríà. Íapíìsì ò sọ nǹkan kan. Tí a bá yọ íapíìsì, tí a so LM386 (amplifáyà kékeré) mọ́ ọn, ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣé dáyóòdù ló ti kú ni, àbí kí n lọ ra 1N4007?

BàbáRédíò

Dáyóòdù yín ò kú, ẹ má sì fi 1N4007 rọ́pò rẹ̀. Kapásítọ̀ 104 yẹn ti tóbi jù, íapíìsì fóònù ò bá iṣẹ́ náà mu, éríà ò sì sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé dáyóòdù nìkan ló ń yọ ohùn. Ìdajì iṣẹ́ ni tirẹ̀. Ohun tí ẹ bá so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣe ìdajì tó kù, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan sì ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbì. Ilé iṣẹ́ rédíò tó bá wà lórí 756 kHz ń rán ìgbì kan tó ń gòkè tó ń sọ̀ ní ìgbà 756,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Alárù ni ká máa pe ìgbì yẹn, torí pé ẹrù ló ń rù. Ohùn ni ẹrù náà. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá pariwo, alárù ga sí i. Bí ó bá dákẹ́, alárù padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Tí ẹ bá fi ìlà kan so gbogbo ṣóńṣó orí ìgbì náà pọ̀, ìlà yẹn ni ohùn.

Kí ló dé tí a ò kàn so íapíìsì mọ́ éríà tààrà? Nítorí pé apá òkè ìgbì àti apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Bí ohùn ṣe ń fa apá òkè ga, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fa apá ìsàlẹ̀ jìn níwọ̀n kan náà. Awọ inú íapíìsì ò lè sáré tó ìgbà 756,000, àpapọ̀ apá méjèèjì nìkan ló lè tẹ̀ lé, àpapọ̀ yẹn sì jẹ́ òfo. Bí dáyóòdù bá gé apá kan dànù, àpapọ̀ ohun tó kù kì í ṣe òfo mọ́: ó ń ga, ó ń lọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohùn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè kọjú dáyóòdù síbi tó bá wù yín nínú rédíò tí kò ní bátìrì. Apá èyíkéyìí tí ẹ bá gé, ohùn wà lára èkejì.

Kapásítọ̀ tó wà lẹ́yìn dáyóòdù dà bí àmù. Nígbà tí ìgbì bá dé ṣóńṣó, dáyóòdù ṣílẹ̀kùn, ó bu omi kún àmù. Nígbà tí ìgbì bá sọ̀, ilẹ̀kùn tì. Rẹsítọ̀ ni ihò ìdí àmù, ibẹ̀ ni omi ti ń jò jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ihò bá tóbi jù, omi ti tán kí ṣóńṣó tó ń bọ̀ tó dé, alárù á wá jò wọ inú amplifáyà. Bí ihò bá kéré jù tàbí tí àmù bá fẹ̀ jù, omi ò ní tètè lọ sílẹ̀ nígbà tí ohùn bá lọ sílẹ̀. Èyí kejì yìí ló ṣẹlẹ̀ sí yín: 0.1 µF pẹ̀lú 50 kΩ tó wà lẹ́nu LM386 jẹ́ 5,000 µs (µs kan jẹ́ ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá). Ohùn 3 kHz ń yí po láàárín 333 µs péré. Kò sí bí ó ṣe máa rí ọ̀nà gbà níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Poly

Ẹ ṣé, sà. Báwo la ṣe máa mọ iye tó tọ́ láìṣe pé à ń dán an wò títí?

BàbáRédíò

Ìdíwọ̀n méjì ló wà. Àkọ́kọ́, R lọ́nà C gbọ́dọ̀ ju àkókò ìyípo kan alárù lọ dáadáa. Ní 1 MHz, ìyípo kan jẹ́ 1 µs. Ní 455 kHz, ìyẹn ìgbì tí rédíò oníbátìrì ń sọ gbogbo ilé iṣẹ́ dà nínú rẹ̀, ó jẹ́ 2.2 µs. Ẹ mú un ní ìlọ́po mẹ́wàá, ọkàn yín á balẹ̀. Èkejì ni pé kò gbọdọ̀ ju èyí lọ:

RC = √(1 − m²) ÷ (2π × f × m)

f ni ohùn tó tín-ín-rín jù tí ẹ fẹ́ gbọ́, m ni bí ohùn ṣe mi alárù tó. Ní Áfíríkà, 9 kHz ló wà láàárín ilé iṣẹ́ kan àti èkejì lórí AM, nítorí náà 4.5 kHz la máa ń kà sí òpin ohùn. Ẹ fi 0.8 sípò m: √(1 − 0.64) jẹ́ 0.6. Ẹ fi 0.8 pín in, ó di 0.75. Ẹ wá fi 2π × 4,500, ìyẹn 28,274, pín in, ẹ máa rí 26.5 µs. Pẹ̀lú rẹsítọ̀ 10 kΩ, 2.65 nF nìyẹn. Kapásítọ̀ 2.2 nF tí wọ́n ń kọ 222 sí lára wà lọ́jà, òun ni kí ẹ lò.

Ẹ máa rí ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n fi 0.01 µF àti fọ́líọ̀mù 5 kΩ sí, tó jẹ́ 50 µs. Kò burú. Ohùn tín-ín-rín inú ọ̀rọ̀ àti orin kì í sábà mi alárù tó 0.8, nítorí náà wọ́n gbà kí díẹ̀ sọnù lára rẹ̀ kí alárù lè pòórá dáadáa.

Oníkọ́ìlì, ẹ fi fọ́líọ̀mù 10 kΩ sí ẹ̀yìn dáyóòdù, 222 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lọ sí ilẹ̀. Ẹ wá gba àárín fọ́líọ̀mù lọ sí ẹsẹ̀ 3 LM386. Ẹ má sọ 104 yẹn nù o. Ibi tó yẹ ẹ́ ni àárín fọ́líọ̀mù àti LM386, kó máa dènà DC (iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo). Níbẹ̀, òun àti 50 kΩ á jẹ́ kí gbogbo ohùn tó ju nǹkan bí 32 Hz lọ kọjá.

Wáyà_Pupa

Kí n fi ọ̀rọ̀ dáyóòdù kún un, torí ọjà ti kún fún oríṣiríṣi.

Dáyóòdù tí wọ́n fi germanium ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn dáadáa ní nǹkan bí 0.2 V, silicon bíi 1N4148 ní nǹkan bí 0.6 V, Schottky wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú rédíò tí kò ní bátìrì, ohun tí kọ́ìlì ń gbé wá lè máà tó 0.1 V rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá àwọn germanium bíi OA90, OA91, AA119, 1N34A àti 1N60. Tí ẹ ò bá rí wọn, àwọn Schottky bíi BAT46, BAT85 tàbí 1N5711 ṣe é lò.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀kùn yẹn ń tì gbọnyin gbọnyin nísàlẹ̀ 0.2 V. Ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ ni, ohùn á sì jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé níbẹ̀, bí ìgbì bá dín sí ìdajì, ohùn tó jáde á dín sí ìdá mẹ́rin. Ẹ yí i padà: bí éríà yín bá mú ìgbì wá ní ìlọ́po méjì, ohùn á lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ń náwó lórí dáyóòdù olówó iyebíye tí éríà rẹ̀ kò ju mítà méjì lọ, ibi tí owó yẹn ò ti lérè ló ná an sí.

Ní ti 1N4007: iná mànàmáná 50 Hz ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí ìgbì bá yí padà, kì í tètè tì. Ó ń gba ọ̀pọ̀ µs kó tó pa ilẹ̀kùn dé, nígbà tí ìyípo 1 MHz kan ti parí láàárín 1 µs. Apá tó yẹ kó gé ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kapásítọ̀ tó fara sin sínú rẹ̀ náà tún tóbi, ìgbì á sì máa gba ibẹ̀ lọ.

Ayédèrú 1N60 pọ̀. Ẹ gbé mítà sí ibi tí wọ́n ya dáyóòdù sí. Germanium á fi nǹkan bí 0.2 sí 0.35 hàn, silicon á fi 0.55 sí 0.7. Ẹ yí ẹnu mítà padà, ẹ wò ó ní ibi MΩ: germanium á fi jíjò díẹ̀ hàn, nígbà míì kò ní ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan kΩ lọ, silicon ò ní fi nǹkan kan hàn. Èyí tó bá fi 0.2 hàn níwájú tí ẹ̀yìn rẹ̀ dákẹ́ pátá lè jẹ́ Schottky tí wọ́n kọ orúkọ germanium sí lára. Kò burú fún rédíò, ṣùgbọ́n ẹ má san owó germanium fún un.

Germanium kórìíra iná. Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 10 mm ó kéré tán, ẹ fi ẹnu puláyà di ẹsẹ̀ náà mú láàárín ara dáyóòdù àti ibi tí ẹ ń jó, kí áyọ́ọ̀nù (irin gbígbóná tí a fi ń jó òjé) má pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ. Gíláàsì rẹ̀ náà tètè ń sán bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ nídìí pátápátá.

Omidan_Sákíìtì

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé òkúta tìróò lè ṣiṣẹ́ dáyóòdù?

Wáyà_Pupa

Òótọ́ ni. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò ni galena, òjé àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di òun. Jagadish Chandra Bose, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Íńdíà tó ṣiṣẹ́ ní Kolkata, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1904 fún ohun èlò tó fi galena mú ìgbì, òkúta yìí sì wà nínú rédíò àwọn ará ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di pé dáyóòdù onígíláàsì dé. Ohun tí àwọn obìnrin wa fi ń ṣe ojú lóge ni àwọn ẹlòmíràn fi ń gbọ́ ìròyìn.

Lílọ̀ ò ṣiṣẹ́. Odindi ègé ni ẹ nílò, kó ní ojú tó ń dán bíi dígí. Ẹ fi ìdè irin di ìdí rẹ̀ mú gírígírí, ẹsẹ̀ kan nìyẹn. Ẹsẹ̀ kejì ni wáyà tín-ín-rín tó le díẹ̀ bíi spíríǹgì, kí ẹnu rẹ̀ kan ojú òkúta fẹ́rẹ́. Ẹ máa gbé ẹnu wáyà káàkiri títí ẹ ó fi kan ibi tó gbọ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ohùn á lọ. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kan òkúta náà, ibi tó ń gbọ́ á kú. Òjé ni o: ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé mú un ṣeré, ẹ má sì fọ́ ọ nínú ilé.

BàbáRédíò

Ó ku íapíìsì. Ti fóònù jẹ́ 32 Ω ní etí kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá so 32 Ω mọ́ ẹ̀yìn dáyóòdù, ihò ìdí àmù ti tóbi ju àmù fúnra rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ohùn nìkan ló máa kú, kọ́ìlì pàápàá ò ní lè yan ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Íapíìsì kírísítà ni mo fẹ́ jù, torí pé ó fúyẹ́ lórí sákíìtì. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kapásítọ̀ tó tó nǹkan bí 10 nF, nítorí náà ẹ ò nílò òmíràn. Àmọ́ DC ò lè gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ fi rẹsítọ̀ 47 kΩ sí 100 kΩ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí kò bá sí rẹsítọ̀ yẹn, àmù ò ní ihò: á kún, dáyóòdù á tì, ohùn á wá di wúyẹ́wúyẹ́. Germanium máa ń fi àṣìṣe yìí pamọ́ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ń jò. Ẹni tó bá yọ germanium tó fi Schottky sí i, tí ohùn wá burú sí i, kó kọ́kọ́ wò bóyá rẹsítọ̀ wà níbẹ̀.

Èkejì ni íapíìsì ayé àtijọ́ tó ní wáyà àti mágínẹ́ẹ̀tì, tí mítà á ka nǹkan bí 2,000 Ω lára rẹ̀. Òun ò nílò rẹsítọ̀. 1 nF sí 2.2 nF ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tó.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ lo íapíìsì fóònù pẹ̀lú tiransfọ́mà. Tiransfọ́mà kékeré 220 V sí 12 V tó wà nínú àwọn ṣájà àtijọ́ tó wúwo máa ṣe é. 220 pín sí 12 jẹ́ 18.3, lọ́nà ara rẹ̀, nǹkan bí 336. Lára píláọ̀gì íapíìsì, ẹ so ṣóńṣó orí rẹ̀ àti òrùka tó tẹ̀ lé e nìkan, ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Etí méjèèjì á wá tò tẹ̀ lé ara wọn, 64 Ω. 64 lọ́nà 336 jẹ́ nǹkan bí 21.5 kΩ, iye tí dáyóòdù lè gbé. Apá 220 V ni kó kọjú sí dáyóòdù, apá 12 V sí íapíìsì. Ẹ gé wáyà iná rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ki í bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Ṣájà tuntun tó fúyẹ́ ò ní irú tiransfọ́mà yìí nínú, ẹ má tú u.

Akẹ́kọ̀ọ́Poly

Sà, 10 nF lọ́nà 47 kΩ jẹ́ 470 µs. Ẹ ní ká má kọjá 26.5 µs. Báwo ni íapíìsì kírísítà ṣe wá ń sọ̀rọ̀ ketekete?

BàbáRédíò

Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Ìṣirò 26.5 µs yẹn wà fún ìgbì ńlá, tó tó ìdajì fóltì sókè, tí dáyóòdù fi ń ṣí gbangba tó sì ń tì gbangba. Nínú rédíò tí kò ní bátìrì, ìgbì kéré débi pé ilẹ̀kùn ò tì tán rárá. Omi àmù ń gba inú dáyóòdù padà sẹ́yìn pẹ̀lú, ihò tó ń jò kì í ṣe 47 kΩ nìkan mọ́. Dáyóòdù germanium lè máà ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan Ω lọ níbi tí fóltéèjì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo. Ẹ sún mọ́ ilé iṣẹ́ rédíò, kí ìgbì di ńlá, ẹ máa rí i pé ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rún nídìí ọ̀rọ̀. Nígbà náà ni kí ẹ sọ 47 kΩ di 22 kΩ tàbí 10 kΩ.

Olókùn_Éríà

Ọ̀pá ferrite lásán ò lè bọ́ dáyóòdù láìsí bátìrì, àfi tí òpó ilé iṣẹ́ bá wà nítòsí. Kọ́ìlì yìí dára jù ú lọ, ẹ sì lè rí gbogbo ohun èlò rẹ̀ rà.

Páìpù PVC tí ìbú rẹ̀ lóde jẹ́ 75 mm. Wáyà bàbà aláwọ̀ 0.5 mm, irú èyí tí wọ́n fi ń yí mọ́tò fáànù, mítà 14. Ẹ yí i ní ìgbà 52, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan fara ti èkejì. Gígùn kọ́ìlì á jẹ́ nǹkan bí 29 mm. Ẹ máa rí nǹkan bí 240 µH. Ní ìyípo 13 àti 26, ẹ ká wáyà náà síta bí etí kékeré, ẹ fi ọ̀bẹ ha awọ rẹ̀ kúrò kí òjé lè mú un. Ọ̀pọ̀ sákíìtì tó “kú” jẹ́ pé awọ ṣì wà lábẹ́ òjé, mítà á sì fi í hàn kíá.

Gáǹgì irin ńlá 365 pF máa mú un láti nǹkan bí 530 kHz. Gáǹgì oníke kékeré ò tó: tí ẹ bá so apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀, nǹkan bí 200 pF ni, 700 kHz lẹ máa dúró sí. Ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ orí 657 kHz ò ní rí i láéláé, á máa bú dáyóòdù. Ẹ fi 47 pF kún un ní ẹ̀gbẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 635.

Ìdí kọ́ìlì lọ sí ilẹ̀. Éríà wọ etí 13. Dáyóòdù gba etí 26, kì í ṣe orí kọ́ìlì, torí pé dáyóòdù àti íapíìsì ń fa agbára, bí ẹ bá so wọ́n mọ́ orí, ilé iṣẹ́ méjì á máa sọ̀rọ̀ pọ̀.

Éríà: wáyà mítà 15 sí 20, kó ga ní mítà 4 sí 6, kó jìnnà sí wáyà iná, kó má sì kọjá lórí rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀: ọ̀pá irin tàbí bàbà tó tó mítà kan, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, bíi ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ da omi sí i. Ẹ má lo ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì iná bí ilẹ̀. Ikú ń bẹ níbẹ̀. Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ éríà lára rédíò, ẹ so ó mọ́ ọ̀pá ilẹ̀ níta, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ títí òjò á fi lọ.

Omidan_Sákíìtì

Ó dá mi lójú pé 1N4148 ṣì ṣe é lò tí a bá fún un ní bátìrì díẹ̀. Ẹ gbé ìdí kọ́ìlì kúrò ní ilẹ̀, ẹ fi kapásítọ̀ 10 nF sí àárín wọn. Bátìrì 1.5 V: ẹsẹ̀ ìyọkúrò (−) sí ilẹ̀, ẹsẹ̀ àròpọ̀ (+) gba rẹsítọ̀ 1 MΩ wá síbi tí ìdí kọ́ìlì àti 10 nF ti pàdé. Ìdí tí kò ní ilà lára dáyóòdù ni kó kọjú sí kọ́ìlì, ìdí tó ní ilà dúdú sí 47 kΩ àti íapíìsì kírísítà. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń kọjá ò ju nǹkan bí 1 µA lọ, bátìrì á gbó kó tó tán. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kí ìgbì tó dé. Níbí, ìkọjúsí dáyóòdù ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá yí i padà, bátìrì ń tì í pa ni.

BàbáRédíò

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi 100 kΩ dípò 1 MΩ o. Ẹ rò pé ẹ ń ràn án lọ́wọ́, ẹ̀ ń jẹ́ kó ṣí jù ni, á máa fa agbára kọ́ìlì jù.

Wáyà_Pupa

Fún àwọn tó ń tún rédíò ṣe lọ́wọ́: dáyóòdù kan náà ló wà lẹ́yìn kọ́ìlì àpótí irin tí orí rẹ̀ dúdú, èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn 455 kHz. Pupa ni ọ́sílétọ̀ (tó ń dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀), yẹ́lò àti funfun ló ṣáájú dúdú. Níbí, ẹ ò lè kọjú dáyóòdù síbi tó wù yín. Fóltéèjì DC tó ń jáde lára rẹ̀ ń padà lọ sí tiransítọ̀ àkọ́kọ́ láti dín agbára rẹ̀ kù nígbà tí ilé iṣẹ́ bá lágbára jù. Tí dáyóòdù bá yí ẹ̀yìn padà, dípò kó dín in kù, á máa ti tiransítọ̀ síwájú. Ilé iṣẹ́ tó jìnnà á jáde dáadáa, èyí tó wà nítòsí á máa ya, á máa súfèé.

Ẹ fi mítà DC sí orí fọ́líọ̀mù, ẹ yí gáǹgì bọ́ sí ilé iṣẹ́ alágbára. Ó yẹ kí fóltéèjì kúrò lójú kan, 0.3 V tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tó bá kúrò tí ohùn ò sì jáde, dáyóòdù ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ lọ wá amplifáyà. Tí kò bá kúrò, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ìgbì (ẹ̀rọ ìdánwò, kì í ṣe ti iná) 455 kHz tó ní ohùn 400 Hz nínú wọ béèsì (ẹsẹ̀ ìwọlé) tiransítọ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú dáyóòdù, kí ó gba inú 0.01 µF kọjá. Tó bá jáde látibẹ̀, dáyóòdù ò lẹ́bi, iwájú ni wàhálà wà.

Kapásítọ̀ 10 µF tó wà ní ojú ọ̀nà ìpadàbọ̀ yẹn ló máa ń kú jù. Tó bá gbẹ, ohùn fúnra rẹ̀ á padà lọ sí béèsì, ohùn kíkẹ̀ á sì sọnù. Tó bá ń jò, ìdarí ò sí mọ́, ilé iṣẹ́ nítòsí á máa ya. Súfèé tó bá sì wà ní nǹkan bí 910 kHz nìkan, 455 lọ́nà méjì ni: kapásítọ̀ tó ń da alárù sílẹ̀ lẹ́yìn dáyóòdù ti já, tàbí ẹni tó pààrọ̀ dáyóòdù fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ferrite. Ẹ gé ẹsẹ̀ náà kúrú, ẹ gbé e jìnnà sí ferrite.

Akẹ́kọ̀ọ́Poly

Rédíò kan wà tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ dára ní ìdajì fọ́líọ̀mù, tí wọ́n bá yí i dé òpin, ọ̀rọ̀ á máa já. Sípíkà ò sì burú.

BàbáRédíò

Ẹrù DC àti ẹrù ohùn ò dọ́gba ni. Dáyóòdù ń rí fọ́líọ̀mù 10 kΩ ní DC. Ní ti ohùn, ó tún ń rí ẹnu tiransítọ̀ tó wà lẹ́yìn kapásítọ̀. Tí ẹnu yẹn bá jẹ́ 5 kΩ, tí fọ́líọ̀mù sì wà lókè pátápátá, 10 àti 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 3.3 kΩ. 3.3 pín sí 10 jẹ́ 0.33: ohùn èyíkéyìí tó bá mi alárù ju 33% lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gé. Kapásítọ̀ 222 tàbí 103 (0.01 µF) ò lè tún èyí ṣe, ẹ má pààrọ̀ wọn. Ẹ fi 4.7 kΩ sí àárín fọ́líọ̀mù àti kapásítọ̀, á gòkè dé nǹkan bí 0.49, ohùn á dín díẹ̀. Tiransítọ̀ kan sí i tó gba ohùn ní béèsì tó fi í jáde ní ẹ́mítà ló dára jù, torí pé ẹnu rẹ̀ lè ju 100 kΩ lọ.

Oníkọ́ìlì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi 222 àti fọ́líọ̀mù 10 kΩ sí i, LM386 ti ń sọ̀rọ̀ ketekete. Kọ́ìlì PVC ló kù. Ṣé a lè gbọ́ TWR, ilé iṣẹ́ rédíò Kristẹni tó wà ní Parakou ní Benin, lórí 1566 kHz láìsí bátìrì láti ìhà Òkè-Ògùn?

Olókùn_Éríà

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní alẹ́, ìgbì AM máa ń rìn jìnnà lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ó sì máa ń wá, ó máa ń lọ. Fún 1566, gbogbo kapásítọ̀ orí kọ́ìlì 240 µH ò gbọdọ̀ ju 43 pF lọ, títí kan ti wáyà. Nítorí náà, ẹ yọ 47 pF tí mo sọ fún 657 kúrò, ẹ ṣí gáǹgì tán, kí éríà gba kapásítọ̀ 100 pF kọjá kó tó wọ etí 13. Tí súfèé tàbí ìkùn bá ń bo ohùn lórí LM386, ẹ yọ ṣájà fóònù kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pa gílóòbù LED, kí ẹ sì fi bátìrì 9 V gbé LM386. Bí ilé iṣẹ́ méjì bá ṣì ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ gbé dáyóòdù kúrò ní etí 26 wá sí 13.